Sí Àlàó, Tó Fẹ́ Fi Ráàpù Jẹun

Àkẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.

Àlàó ọmọ mi,

Bàbá rẹ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní o fẹ́ fi yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí o gba Èkó lọ máa ṣe ráàpù, ó sì ní kí n bá ọ wí kí o jáwọ́. N kò ní sọ fún ọ pé kí o jáwọ́. Bí lẹ́tà yìí bá bọ́ sí i lọ́wọ́, á bínú sí mi. Àbúrò mi ni, yóò rọ̀ tó bá yá.

Orin ni mo tà tọ́ àwọn ọmọ mi ní ọjà Àkẹ̀sán níbí. Láti ayé rẹ́kọ́ọ̀dù dé kásẹ́ẹ̀tì, títí àwọn tó ń ṣe ayédèrú fi lé wa kúrò nídìí sídì, mo mọ orin tí wọ́n ń rà lónìí gbàgbé lọ́la, mo sì mọ èyí tí wọ́n ń padà wá béèrè. Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ìjálá ló ń sun. Kò sí gìtá, kò sí fèrè. Síbẹ̀, awakọ̀ tó bá ń ná Ìlọrin á rà á. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá já, á padà wá ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń rà.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnu yà mí nígbà tí ráàpù Yorùbá dé. Àwọn àgbà ọjà ní ariwo ọmọ ìta ni. Lord of Ajasa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà, ṣùgbọ́n C.E.O. tí DaGrin gbé jáde ní 2009 ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti yí padà: àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tí wọn kì í yà sí ìsọ̀ mi, ni wọ́n ń dáwó jọ ra ẹyọ kan. Yorùbá tí wọ́n ń sọ nídìí iṣẹ́ ni ọmọkùnrin náà ń sọ, kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjàǹbá ọkọ̀ ní Múṣin ló gbẹ̀mí rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2010. Olamide ará Bàrígà gbé e láti ibẹ̀. Reminisce náà gbé e, títí ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà fi kà á mọ́ àwọn olórin ráàpù méje tó yẹ kí ayé mọ̀, ní 2014. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Gánà ń fi Twi ṣe tiwọn, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ń fi Wolof. Ẹni tó bá sọ pé èdè ìbílẹ̀ kò lè bọ́ ọ nídìí ráàpù, kò wo ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Wàyí o, mo gbọ́ orin tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ohùn rẹ dára. Ṣùgbọ́n onígángan kan wà ní ìsọ̀ mi nígbà tí mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tí o dé ibi tí o ti ń ki bàbá wa àgbà, ọkùnrin náà gbórí sókè, ó ní, "Ta ni ọmọ yìí ń bú?" Bíìtì ló ń lé ọ, o sì gbé ohùn ìsàlẹ̀ sókè kí o lè bá a, oríkì wá di èébú. Àwa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Bí bíìtì bá ń gòkè tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, bíìtì ni kí o yí, má yí ọ̀rọ̀. Wo 9ice, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí Èkó tọ́ dàgbà: òwe ló kó sínú Gongo Aso ní 2008, o sì ń gbọ́ òwe náà ketekete lórí ìlù. Orin yẹn ló fi gba àmì-ẹ̀yẹ hip hop ti MTV fún gbogbo Áfíríkà lọ́dún náà.

Àṣìṣe kejì ló dùn mí jù. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin rẹ, Agége àti Múṣin ló ti wá. O kò gbé Agége rí! Ọdún tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń fa LAUTECH mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ti ilé-ìwé pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń ta káàdì fóònù ní àdúgbò Takie, ṣé ìyẹn kò tó orin? Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀ ńkọ́? Ìyá àgbà rẹ ṣì mọ ẹkún ìyàwó. Jókòó tì í kí o gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tọrọ rẹ̀ kí o tó lò ó, kí o sì fi nǹkan sí i lọ́wọ́.

Nípa Èkó, parí ilé-ìwé ná. Fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní àdúgbò Under-G tó láti fi bẹ̀rẹ̀, kò dìgbà tí o bá dé sítúdíò Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé àdéhùn wá, wo ibi tí wọ́n kọ ẹni tó ni orin náà sí, àti iye ọdún. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní wọn kò lè gba orin rẹ di tiwọn láìsí ìwé àdéhùn. Nítorí náà ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń wá. Má tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kankan kí agbẹjọ́rò tó kà á. Owó agbẹjọ́rò, èmi ni n ó san án.

Bí ẹ bá ti ṣe ìdánwò tán, wá sí Ọ̀yọ́ kí a jọ lọ bá onígángan yẹn. Ó ti gbà láti kọ́ ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Àkẹ̀sán.