Ẹ̀kọ́ Nípa Ìrìn Ọmọdé sí Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Nígbà tí a bá ń múra láti kọ́ ọmọdé, ìṣirò ni a kọ́kọ́ máa ń rò, lẹ́yìn náà ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dé iwájú pátákó ìkọ̀wé, ó ti rin ọ̀nà. Nígbà tí a bá sì lu agogo ìparí, ọ̀nà náà ni yóò tún gbà lọ bá ìyá rẹ̀. Bí ọ̀nà bá gba ọmọ lọ́wọ́ wa, ta ni a ó kọ́ ní ìṣirò? Nítorí náà ni a ṣe wí pé ìrìn ọ̀nà jẹ́ ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ yòókù, àti pé ó ní bí a ti í kọ́ ọ. A fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ bí àwa fúnra wa ti kọ́ ọ lódì.

Àṣìṣe wa ní Akaka

Ní àkókò tí a lọ fi ìkọ́ni dánra wò, a rán díẹ̀ nínú wa sí ilé-ìwé kan ní Akaka Rẹ́mọ, ní agbègbè Àríwá Rẹ́mọ tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ fi Ìsarà ṣe ibùjókòó. Nínú àwọn ọmọ tí a fi lé wa lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé púpọ̀ wọn wá. Àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́ bàbá wọn. Àwọn mìíràn sì ń ti abà wá ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Wọ́n ní kí a kọ́ wọn bí ènìyàn ti í ṣọ́ra lójú ọ̀nà. Àwa sì yọ ìwé ògbólógbòó kan láti inú àpótí wa, a kọ òfin tí ó wà níbẹ̀ sí ojú pátákó gẹ́gẹ́ bí a ti bá a: pé ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn, apá ọ̀tún ọ̀nà ni kí ó máa gbà. Àwọn ọmọ kà á ní àkàtúnkà títí ó fi dà bí orin lẹ́nu wọn, àwa náà sì yọ̀ pé iṣẹ́ wa dára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà a dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láti wo bí wọn yóò ti lọ sílé. Ní tòótọ́, wọ́n pa òfin mọ́. Wọ́n tò sí apá ọ̀tún, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì kẹ̀yìn sí ọkọ̀ tí ó ń bọ̀. Alùpùpù kan tí ó ru àpò gàrí kọjá ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹrù rẹ̀ sì gbá àpò ìwé ọmọbìnrin kan bọ́ ní èjìká sínú kòtò. Ọmọ náà kò fara pa. Ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ń bọ̀ títí ó fi kọjá lára rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀pà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ìpàkọ́ ni ẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí láti máa fi wo ọkọ̀ ni?" A kò rí èsì fún un. Àwọn baba wa kò ha ti wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí?

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá

Nígbà tí a padà sí ilé tí a wọ̀ sí, a tún ìwé náà yẹ̀ wò. Ìwé náà kò purọ́. Ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ ni àwa kò wò. Ní ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún, kí ìrìn wa lè bá ti àwọn aládùúgbò wa mu. Nítorí apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń gbà ní Dàhómì, tí à ń pè ní Benin nísinsìnyí, àti ní Niger àti Cameroon. Ghana náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1974. Ẹni tí ó bá ń rìn ní apá ọ̀tún kí ọjọ́ náà tó dé, ó kọjú sí ọkọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù. Láti ọjọ́ náà wá, ó kẹ̀yìn sí i ni. Òfin tí ó ti ń dáàbò bo ọmọ tẹ́lẹ̀ ni ó wá ń fi ọmọ wewu.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni èyí: kì í ṣe òsì tàbí ọ̀tún ni a fẹ́ kí ọmọ há sórí, bí kò ṣe ìdí rẹ̀, pé kí ó máa kọjú sí ọkọ̀ tí ó súnmọ́ ọn. Ọmọ tí ó mọ ìdí, bí a bá mú un lọ sí London ní ọ̀la, yóò fi ojú ara rẹ̀ mọ apá tí yóò gbà. Ọmọ tí ó há òfin nìkan sórí, ọjọ́ tí òfin bá yí padà ni yóò ṣìnà.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Èkíní ni ìrìn. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, apá òsì ni kí ọmọ gbà, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àgbà bá di ọmọ lọ́wọ́ mú, kí àgbà wà ní ìhà títì, kí ọmọ wà ní ìhà koríko. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: níbi tí ọ̀nà bá ti yí lójijì sí apá òsì, tí igbó sì bo kọ̀rọ̀ náà, awakọ̀ kò lè rí ẹlẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ kò lè rí awakọ̀. Kí a kọjá sí òdìkejì kí a tó dé ibẹ̀, kí a sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí i pé ìdí náà ni ó tún ṣe atọ́nà wa níhìn-ín, kì í ṣe òfin.

Èkejì ni ìkọjá títì. Kí ọmọ dúró ṣinṣin ní etí ọ̀nà, kí ó kọ́kọ́ wo òsì, nítorí láti òsì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò ti yọ sí i. Kí ó wo ọ̀tún, kí ó sì tún wo òsì. Ìwé tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ní kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún. Ó tọ́ ní ọ̀dọ̀ wọn, kò tọ́ ní ọ̀dọ̀ wa. Níwọ̀n bí àwọn ọlọ́kadà kan sì ti máa ń gba apá tí kì í ṣe tiwọn, kí ó má ṣe gbàgbé ìhà kejì. Kí ó má ṣe yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó dúró. Kí ó rìn kọjá, kí ó má sáré, nítorí ẹni tí ó sáré ni ó ń ṣubú. Ní ti òpópónà márosẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, tí ó sì la ilẹ̀ Rẹ́mọ já, ọmọdé kò gbọdọ̀ dá a kọjá rárá.

Ẹ̀kẹta ni eré ọkọ̀, èyí tí a lè fi ṣe ìṣirò fún kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà. Ọkọ̀ tí ó ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan ń lọ mítà 500 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe mítà 8 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó ń sáré kìlómítà 60 ń lọ tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá rí ọmọ, tí ó sì gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ ìjánu, ọkọ̀ náà ti lọ mítà 17 kí eré rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Lẹ́yìn èyí, bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò tún rìn lórí ìjánu kí ó tó dúró di ìlọ́po mẹ́rin. Kí a mú àwọn ọmọ jáde sí pápá, kí wọ́n wọn mítà 17, kí ọ̀kan dúró ní ìpẹ̀kun kan, kí èkejì dúró ní ìpẹ̀kun kejì. Nígbà tí wọ́n bá rí bí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn tó, wọn kì yóò tún rò pé awakọ̀ lè dúró nígbàkigbà tí ó bá fẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni kẹ̀kẹ́. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú mọ́ ọmọdé lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í gba apá tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Kẹ̀kẹ́ jẹ́ ọkọ̀. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ yòókù. Bí ọmọ bá sọ̀ kalẹ̀ tí ó ń tì í, ó di ẹlẹ́sẹ̀. Kí ó tó gùn ún ní òwúrọ̀, kí ó tẹ ìjánu ti iwájú àti ti ẹ̀yìn wò, kí ó fi ọwọ́ tẹ táyà, kí ó wo ṣéènì, kí ó sì lu agogo rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ó ga ju ọmọ lọ, tí ó fi ní láti ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọ̀pá kí ó tó lè gùn ún, kò yẹ kí ó gbé e dé títì ọlọ́dà. Kí a rẹ àga rẹ̀ sílẹ̀ títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, bí èyí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ó má ṣe gbé ẹlòmíràn sí ẹ̀yìn. Ní ìgbà ọyẹ́, tí kùrukùru bo ọ̀nà ní òwúrọ̀, aṣọ funfun àti iná ni yóò jẹ́ kí a rí i. Bí akoto bá sì wà, kí ó dé e. Ìdánwò tí a rí pé ó dára jù ni èyí: kí a fa ìlà gígùn sí ilẹ̀ pápá, kí ọmọ máa gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, kí ó sì wo ẹ̀yìn láìyà kúrò lórí ìlà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò tí ì mọ kẹ̀kẹ́ gùn dé ojú títì.

Ẹ̀karùn-ún ni ìrìn ẹgbẹ́. Ní ọdún 1998, ní ìlú St Albans ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àṣà kan: àgbà kan ń lọ níwájú, àgbà kan ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ọmọ wà láàárín, wọ́n sì ń mú ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ti fi àdéhùn sí, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ti í gbé èrò. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń kó ara wọn jọ lọ sí odò. Àwọn òbí tí ó wà ní abà kan náà lè pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ohun tí kì í ṣe ẹrù ọmọdé

A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹrù yìí lé ọmọ lórí. Ojú ọmọ kékeré kò tí ì lè wọn bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, bí ó ti wù kí a kọ́ ọ tó. Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000 ni ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ilé-ìwé kún fún ọmọ. Láti ìgbà náà wá, ọkọ̀ ti pọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé jàǹbá ọ̀nà ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 àti 29 jù ohunkóhun mìíràn lọ. Ní ilẹ̀ wa, a dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, alága rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òpin eré tí òfin fi lélẹ̀ nínú ìlú. Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni láti bá ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ òbí sọ̀rọ̀, kí wọ́n bẹ ìjọba ìbílẹ̀ fún òkìtì adẹ́rọ̀ ọkọ̀ níwájú ilé-ìwé, kí a sì máa ro koríko tí ó bo kọ̀rọ̀.

Ìparí

Ní ọjọ́ kejì ní Akaka, a pa ohun tí a kọ rẹ́ níwájú àwọn ọmọ, a sì sọ fún wọn pé àwa ni a ṣì wọ́n lọ́nà. A kò tún kọ òfin mìíràn. A mú wọn jáde, a fa títì sí ilẹ̀ pápá, a ní kí ọmọ méjì máa ṣe bí ọkọ̀, a sì bi àwọn yòókù pé apá wo ni wọn yóò gbà. Ọmọbìnrin tí àpò rẹ̀ bọ́ sí kòtò ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí apá òsì. A bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Kí n lè rí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi." A kò ní ohun tí a fẹ́ fi kún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹ bá dé ilé-ìwé tí a bá rán yín sí, kí ẹ tó ṣí ìwé, ẹ bá àwọn ọmọ yín rin ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀kan dé ilé. Ẹ ka iye ibi tí wọ́n ti ń kọjá títì. Ẹ wo kọ̀rọ̀ tí ó fara sin. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ibi tí jàǹbá ti í ṣẹlẹ̀. Ẹ sì wo ọdún tí a tẹ ìwé yín.