Ẹ̀rọ Á Lọ, Àwòrán Ni Ká Dì Mú

Àwọn àgbà ní, bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni fún igbá, nítorí ojú lásán la fi ń wo igbá fínfín. Fídíò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá wa gbé e jáde. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ti kú, ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì di àwátì, bó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo agboolé pé kí wọ́n fi ọgbọ́n ra ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tètè gba àwòrán wọn là.

Ẹ wọ ilé àgbà kan ní Bẹ́yẹrúnká, ní Bẹẹrẹ tàbí lẹ́yìn Ọjà'ba nílùú Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀. Kò ṣòro kí ẹ bá kásẹ́ẹ̀tì fídíò dúdú ńláńlá níbẹ̀: ìsìnkú bàbá àgbà, ìwúyè mọ́gàjí, ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn Màpó. Ẹni tó ń ki oríkì ilé nínú rẹ̀ lè ti kú, kí ohùn rẹ̀ má sì sí níbòmíràn mọ́. Ẹ̀rọ fídíò ńkọ́? Ó ti bàjẹ́ tipẹ́, dẹkódà ni wọ́n gbé lé e lórí.

Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí àwòrán tó ń rìn. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ adúláwọ̀ kò tíì mọ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, fídíò wọlé wá. Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC gbé VHS jáde ní 1976; àwọn méjèèjì jọ du ọjà, VHS ló borí. Orí VHS ni fíìmù Ìgbò tó ń jẹ́ Living in Bondage ti jáde ní 1992. Síìdì tẹ̀lé VHS, DVD tẹ̀lé síìdì, fìláàṣì àti fóònù sì lé gbogbo wọn kúrò nílẹ̀. Sony dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ Betamax dúró ní 2002. Funai, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Japan tó kẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ tirẹ̀ dúró ní oṣù Keje 2016.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sí ẹ̀rọ tí a ó rà tí kò ní í di ti àtijọ́. Nítorí náà, kí á tó sanwó, ìbéèrè kan ló yẹ ká bi ara wa: lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá kú, báwo ni àwòrán inú rẹ̀ ṣe máa jáde?

Ẹ jẹ́ ká ti orí èyí tó wà nílé bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn ki kásẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́ bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yọjú wo fèrèsé kékeré tó wà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó hù sára téèpù, èbu ni. Ooru àti òjò tó ń jò wọ yàrá ló fà á. Bí ẹ bá lò ó bẹ́ẹ̀, á ba ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ń lẹ bébà orúkọ mọ́. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ kán an, kí ẹnikẹ́ni má baà ká nǹkan mìíràn lé e lórí. Ìsìnkú ìyá ẹni tí wọ́n bá ti ká bọ́ọ̀lù lé lórí, kò ní àtúnṣe mọ́.

Bó bá jẹ́ pé láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ bá yín gbà á sílẹ̀. Ìlànà NTSC ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún nígbà náà, PAL ni tiwa. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè méjèèjì lè gbé e jáde láìní àwọ̀. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé iṣẹ́ náà kò ní ẹ̀bùrú: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta gbáko ni yóò fi yí. Ẹni tó bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun ó fi parí rẹ̀, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fún yín ní fáìlì MP4, kó má jẹ́ DVD nìkan, torí láptọ̀ọ̀pù tuntun tó ní ojú DVD kò wọ́pọ̀ mọ́.

Bó bá wá kan ọjà tuntun, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Fóònù tó dáa tó fún ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀, kó ní kí ọlọ́jà yọ mẹ́mọ́rì rẹ̀ níṣojú òun. Bó bá jẹ́ SD tó wọ́pọ̀, tí wáyà USB lásán sì ń wọ kámẹ́rà náà, ó ṣeé rà. Bó bá jẹ́ irú èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ má jẹ́ kí 4K kó sí yín lórí. Ìlọ́po mẹ́rin 1080p ni, ó sì máa ń jẹ àyè gan-an. Ẹ fi owó yẹn ra maikirofóònù, torí lóde wa, jẹnẹrétọ̀ àti ìlù máa ń bo ohùn ẹni tó ń ki oríkì mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́mọ́rì ayédèrú. Wọ́n lè kọ 512GB sí i lára kó má sì ju 16GB lọ. Á máa gba fídíò bí ẹni pé kò kún. Ìgbà tí ẹ bá délé lẹ ó tó rí i pé ìdajì òde kò ṣí. Kí ẹ tó gbé e ròde, ẹ da fáìlì kún un dẹ́nu, kí ẹ sì ṣí wọn wò.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Bí fídíò bá ti di fáìlì, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ kan sórí hard disk nílé, ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó tàbí London. WhatsApp máa ń dín fídíò kù. Bí dókúmẹ́ǹtì ni kí ẹ ṣe fi ránṣẹ́. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún: lọ́dọọdún, nígbà Iléyá tàbí Kérésì tí gbogbo ọmọ ilé bá péjọ, ẹ ṣí wọn wò.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ ilé ìwé mọ fóònù, ṣùgbọ́n kò mọ obìnrin aláràn-án tó ń jó níwájú pósí nínú kásẹ́ẹ̀tì. Màmá àgbà mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ jókòó ti Màmá, kó ká ohùn wọn sílẹ̀: ta nìyí, ọmọ ta ni, agboolé wo? Kí ó sì fi ìsìnkú ẹni tó jẹ́, àdúgbò àti ọdún sọ fáìlì náà lórúkọ.

Bí owó kò bá ká gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó mọ́ jù. Èyí tí àwọn tó lè dárúkọ èèyàn inú rẹ̀ ti ń tán lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí.