Àròkọ Alápèjúwe: Àbẹ̀wò sí Odi Orí Òkè ní Elmina

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí ìdánwò bá ní kí o ṣàpèjúwe ibi ìtàn kan, má ṣe ka ògiri àti àgbá lásán. Sọ ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Wo àpẹẹrẹ yìí:

“Nígbà tí a gun òkè São Jago dórí, a rí ìlú Elmina ní ilẹ̀ Gánà nísàlẹ̀, àti ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ sétí òkun ní 1482. Orí òkè yìí ni àwọn ará Họ́láńdì gbé àgbá sí ní 1637, tí wọ́n fi lu ilé náà títí àwọn Potogí fi túúbá. Kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn náà, wọ́n mọ odi sórí òkè. Odi yìí dáàbò bo ọjà wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn wà lára ọjà náà, ẹrú tí a tì mọ́ inú iyàrá òkùnkùn.”

Ṣé o rí i? Gbólóhùn ìkẹyìn ló gbé àròkọ náà ró. Kọ tìrẹ bẹ́ẹ̀.