Àjò Kì í Dùn Kí Onílé Má Relé

Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ọjọ́ àbọ̀ ni kó kọ́kọ́ rò kó tó ro àlọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí àwọn bá san owó àlọ nìkan, ìdajì owó làwọn san. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tó jìn. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, owó àlọ nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àlọ àti àbọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń jù ú lọ. Irú èrò ni àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ńlá ń wò kí wọ́n tó dá owó lé e. Ẹni tó ń lọ kí ẹbí ti mọ ọjọ́ tó máa padà, owó sì ń dùn ún, wọn ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ ń gbé kiri ò mọ ọjọ́ àbọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló sì ń sanwó. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi máa ń ní kí èrò sun òru Sátidé lọ́hùn-ún kó tó lè rí owó pọ́ọ́kú san.

Láàárín Èkó àti Àbújá, àlọ sábà máa ń ní owó tirẹ̀, àbọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ lè bá Air Peace lọ, kí ẹ bá Ibom Air bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ryanair àti easyJet ń ṣe ní Yúróòpù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹ béèrè èló ni àlọ, èló ni àbọ̀, èló ni méjèèjì pọ̀.

Ìyá tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Físà àlejò sábà máa ń fún un ní oṣù 6 lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tuntun kì í sì í fi ọjọ́ tó máa dé ránṣẹ́. Síbẹ̀, mi ò ní gba màmá níyànjú pé kó ra àlọ nìkan. Aṣọ́bodè lè bi í pé ìgbà wo ló máa padà, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ á sì bá a jẹ́rìí. Kó ra àlọ àti àbọ̀ tó ṣe é yí ọjọ́ rẹ̀ padà, bó tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n. Kó béèrè owó ìyípadà ṣáájú, nítorí wọ́n tún lè gba àfikún bí ọjọ́ tuntun bá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Bó bá sún àbọ̀ sí àárín oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń rọ́ wálé wá ṣọdún, àfikún náà lè gani lára. Kó wo ti ẹrù náà, torí tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lè má ní àyè báàgì nínú, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí tó dì á wá di owó ńlá níwájú káńtà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè ra àlọ nìkan. Àwọn mìíràn rí i pé àlọ àti àbọ̀ ló pọ́ọ́kú, wọ́n rà á, wọn ò sì lo àbọ̀. Kí wọ́n ka àdéhùn dáadáa, torí àwọn iléeṣẹ́ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè béèrè ìyàtọ̀ owó. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dán wò ni kó fi àlọ sílẹ̀, kó máa retí àbọ̀. Bí ẹ ò bá wọ bàálù àkọ́kọ́, wọ́n sábà máa ń fagi lé gbogbo èyí tó kù. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn lọ, ẹ pe iléeṣẹ́ náà kí ọjọ́ ìrìn tó pé, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ.