Àdìrẹ Tó Bu Nínú Férémù

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìbarà tí ẹ ń fi àdìrẹ Ìtòkú tí wọ́n fi ẹlú pa láró sínú férémù, ẹ má fi háípò fọ èyí tó bá bu. Ẹ lè ní kíá ló ń mú àbàwọ́n kúrò. Òótọ́ ni, àmọ́ aró ẹlú gan-an ló ń jẹ. Ọ̀rinrin ló fa bíbu: lásìkò òjò, gíláàsì tó lẹ̀ mọ́ aṣọ kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ tú férémù náà, ẹ sá aṣọ náà síbi ibòji títí yóò fi gbẹ dáadáa, torí oòrùn gangan a máa mú kí aró ṣá. Ẹ bo imú, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ohun funfun bí ìyẹ̀fun tó wà lára rẹ̀ dànù níta. Àmì tó bá kù, ẹ fi í sílẹ̀. Mo fara mọ́ aṣọ alábàwọ́n díẹ̀ ju èyí tí aró rẹ̀ ti lọ. Tí ẹ bá ń dá a padà sínú férémù, ẹ fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín gíláàsì àti aṣọ ní etí yíká.