Ìkòkò Kan Kí Ó Tó Di Ẹgbẹ̀rún

Ọ̀pọ̀ ni èrò òwò dáradára wà lọ́kàn wọn, tí èrò náà sì bá wọn darúgbó láì di ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yá owó ńlá kí wọ́n tó mọ̀ bí ohun tí wọ́n rò yóò ṣiṣẹ́. Gbèsè ni ó sì kù sí wọn lọ́rùn. Ọ̀nà ọgbọ́n wà láàárín méjèèjì: kí a kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan tí ó ń ṣiṣẹ́, kí a sì dán an wò.

Ẹ kíyèsí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Jigawa, tí a bí sí ìdílé amọ̀kòkò. Ó rí i pé ẹ̀fọ́ àti èso àwọn àgbẹ̀ ń bàjẹ́ kí wọ́n tó rí i tà. Ní 1995 ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀: ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó fi yanrìn tí a fi omi rin dí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi náà ti ń gbẹ lára ìkòkò òde, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ooru kúrò nínú ti inú. Èso ikàn tí ì bá bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 sì pé ọjọ́ 27. Lẹ́yìn èyí ni ó tó gba àwọn amọ̀kòkò láti mọ 5,000. Ní 2000 a fún un ní ẹ̀bùn Rolex. Ó sì kú ní 2010.

Bí ẹnìkan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn bá fẹ́ fi irú ìkòkò yìí ṣòwò, kí ó ṣe báyìí:

Èkíní, kí ó ṣe ẹyọ kan péré.

Èkejì, kí ó pín ata tí a já ní ọjọ́ kan náà sí méjì, kí ó fi apá kan sínú ìkòkò, èkejì sínú apẹ̀rẹ̀, kí ó sì kọ iye ọjọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí ó dán an wò nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó ń fa omi náà. Nígbà òjò agbára rẹ̀ a máa dínkù.

Ẹ̀kẹrin, kí ó gbé e fún ìyá aláta kan lò, kí ó sì bi í ní iye tí yóò rà á.

Bí ìdánwò náà bá kùnà, ìkòkò méjì àti yanrìn ni àdánù rẹ̀, kì í ṣe oko bàbá rẹ̀.