Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Ààbò Ara Obìnrin

Nínú ìwé ìròyìn yìí, a sábà máa ń kọ́ ara wa nípa owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó àti èrè ọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ wa dá lórí ara obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ tí owó náà fi ń wọlé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á sókè ní ìpàdé, kí tọkùnrin-tobìnrin sì jíròrò lórí rẹ̀.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Obìnrin ọlọ́jà pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ní Akúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti wà lójú ọ̀nà Òwénà láti lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó ń tajà ní Ọjà Ọba lè má kúrò nídìí àtẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, owó ọjà ọjọ́ náà a sì wà lára rẹ̀. Ìtàn Oǹdó sọ pé obìnrin ni Púpùpú tí ó kọ́kọ́ jọba ìlú náà, oyè Lóbùn sì ni oyè obìnrin tí ó ń ṣe àkóso ọjà. Níbi tí obìnrin ti jẹ́ òpó ọjà báyìí, ohun tí ó bá ṣe obìnrin ti ṣe ọjà.

Ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 49, 31 ni a ti lù tàbí tí a ti fìyà jẹ lára rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Ẹ ka iye obìnrin tí ó wà ní ìpàdé yín lónìí. Bí wọ́n bá jẹ́ ogójì, ìṣirò yẹn tó bíi méjìlá.

2. Ta ni kí a ṣọ́ra fún?

A máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin wa pé kí wọ́n má rìn lóru, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún àjèjì. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Nínú ìwádìí kan náà, nígbà tí a bi àwọn obìnrin tí ó ti lọ́kọ léèrè ẹni tí ó fìyà jẹ wọ́n, ọkọ ni ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tún wo oníbàárà tí ó ní kí obìnrin wá gba owó ọjà nínú yàrá, ẹni tí ó ń tajà láwìn tí ó sì ń béèrè ohun mìíràn yàtọ̀ sí owó, onílé, ọ̀gá ibi iṣẹ́, àti ẹbí. Wọn kì í ṣe àjèjì, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro fún obìnrin láti pariwo lé wọn lórí.

3. Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ lè dín ewu náà kù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Kánádà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charlene Senn ti Yunifásítì Windsor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹ̀kọ́ kan wò láàárín àwọn ọmọbìnrin ọdún kìíní ní yunifásítì mẹ́ta. Wákàtí 12 ni ẹ̀kọ́ náà, wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n kọ́ wọn láti mọ àmì ewu, láti kọ̀ fún ẹni tí wọ́n mọ̀, àti láti fi ara jà. Àwọn kejì gba ìwé pẹlẹbẹ lásán. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: láàárín ọdún kan, bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ ni a fipá bá lò pọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba ìwé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Ìwé kíkà nìkan kò tó, títí kan èyí tí ẹ ń kà yìí. Àfi kí a pé jọ, kí a sì fi ara kọ́ ọ.

4. Ohun mẹ́rin tí a ó fi kọ́ra

Ojú. Kí obìnrin tó wọ táksí tàbí ọ̀kadà, kí ó wo nọ́ńbà rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Kí ó yẹra fún ọkọ̀ tí kò wọ garaji, tí ó ń gbé èrò lẹ́bàá ọ̀nà ní ìdájí. Ọgbọ́n tí àwọn oníwáǹ-ṣáǹsì ń lò nìyẹn. Kí a má ka owó ní gbangba.

Ohùn. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi kì í fẹ́ ariwo. Kí ọ̀rọ̀ kúrú, kí ó le: “Fi mí sílẹ̀!” Fún ẹni tí a mọ̀, kí a má rẹ́rìn-ín, kí a má ṣàlàyé. A ti kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn,” kò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Kí a máa sọ ọ́ sókè ní méjì-méjì nínú ìpàdé títí yóò fi mọ́ wa lẹ́nu.

Ẹsẹ̀. Sísá kì í ṣe ìtìjú. Ibi tí iná wà tí èèyàn sì wà ni kí a sá sí. Bí olè bá mú ìbọn tàbí àdá lọ́wọ́, tí ó sì ń fẹ́ àpò, kí a gbé e fún un. Owó ṣeé tún ṣiṣẹ́ fún, a kì í ra ẹ̀mí lọ́jà.

Ọwọ́. Bí ẹnì kan bá di ọrùn ọwọ́ wa mú, kí a já a gbà síhà àtàǹpàkò rẹ̀, nítorí ìka mẹ́rin lágbára ju ìka kan lọ. Lẹ́yìn náà, ìdí àtẹ́lẹ́wọ́ sí imú, ìgúnpá sí ìhà, orúnkún sí abẹ́, gìgísẹ̀ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kì í ṣe kí a lè borí rẹ̀, bí kò ṣe kí a lè rí ààyè sá lọ. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ló kọ́ wa. Nínú júdò, tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Japan ní 1882, ẹni kékeré a máa lo ìwúwo ẹni ńlá láti fi gbé e ṣubú.

5. Bí ibi bá ti ṣẹlẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má bi obìnrin náà léèrè aṣọ tí ó wọ̀ tàbí ìdí tí kò fi jà. Ẹ̀rù a máa mú kí ara òmíràn le gbagidi bí igi. Èyí kò sọ ọ́ di ẹni tí ó gbà.

Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà ní Akúrẹ́ àti ní Oǹdó. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Èyí tí ń dènà oyún kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 5, bí ó bá sì ti yá tó ni ó ń ṣiṣẹ́ tó. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má tíì wẹ̀, kí ó má sì fọ aṣọ tí ó wọ̀. Kí a kó aṣọ náà sínú àpò bébà, nítorí ẹ̀rí ni. Nọ́ńbà tí a lè pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ni 112.

Òfin wà. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn ka lílu aya, líle ènìyàn jáde nílé pẹ̀lú ipá àti ìyà opó sí ẹ̀ṣẹ̀, yàtọ̀ sí ìfipábánilòpọ̀. Ní 2021, Gómìnà Rotimi Akeredolu, tí ó ti di olóògbé, buwọ́ lu ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọjá “ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀ nílé.”

6. Iṣẹ́ ẹgbẹ́

Láti ìgbà àwọn ará Rochdale ní 1844 ni ẹ̀kọ́ ti wà lára ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ wa. A dá a lábàá pé:

(a) kí ẹgbẹ́ yọ nínú owó ẹ̀kọ́ láti gba olùkọ́, obìnrin bí ó bá ṣeé ṣe, fún wákàtí 12 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin;

(b) kí ìpàdé máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹni méjì máa jọ gbé owó ẹgbẹ́ lọ sí báńkì;

(d) kí a yan obìnrin méjì tí wọ́n lè pa àṣírí mọ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè sọ ìṣòro rẹ̀ fún;

(e) kí owó ìfipamọ́ obìnrin wà lórúkọ ara rẹ̀, kí a má fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé òun ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀;

(ẹ) kí ẹ̀yáwó kékeré wà tí ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan náà fún ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sá kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ń fara da ìyà nítorí pé wọn kò rí owó yàrá mìíràn san.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ọ̀nà wo ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń gbà délé lẹ́yìn ìpàdé, ta ni ó sì ń dá rìn?

2. Kí ni ó ń mú kí ó ṣòro láti sọ pé “mi ò fẹ́” fún ẹni tí a mọ̀?

3. Bí obìnrin kan nínú wa bá ní láti kúrò nílé lálẹ́ òní, èló ni yóò lè rí gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, nígbà wo sì ni?

4. Iṣẹ́ wo ni àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ yóò ṣe nínú rẹ̀?

Kí akọ̀wé kọ ìpinnu tí ìpàdé bá ṣe sínú ìwé, kí a sì kọ ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.